Bẹ́ ẹ ṣe lè múra fún ìdánwò Communication Skills láìfi gbogbo ẹ̀ ṣe àkọ́sórí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà n'Ífẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń fojú di kọ́ọ̀sì yìí, "ṣebí Gẹ̀ẹ́sì lásán ni", ohun témi náà sọ nìyẹn lọ́jọ́sí, mo ka kẹ́místrì mọ́jú, ìgbà tí pépà dé wọ́n ní ká kọ mẹ́mò, ìyẹn ìwé kúkúrú tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láàárín ọ́fíìsì, mo kọ lẹ́tà, mo tún wá fi "Yours faithfully" dé e lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, máàkì tó lọ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ wá past question lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Kì í ṣe torí kẹ́ ẹ lè mọ ìdáhùn sórí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ní "define", gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. "Differentiate" ní tiẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì síra wọn, ẹ má kàn ṣàlàyé ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó lọ sí ìkejì.

Apá tíọ́rì ni wọ́n ti máa ń bi yín ní sender, message, channel, receiver, feedback àti noise. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ mọ̀ dì í mú. Ká ní ẹ dúró ní Lagere, dírẹ́bà ń pe "Kámpọ́ọ̀sì! Kámpọ́ọ̀sì!", òun ni sender, ọ̀rọ̀ tó ń pè ni message, ohùn ẹ̀ ni channel, ẹ̀yin ni receiver, ọwọ́ tẹ́ ẹ jù sí i kó lè dúró ni feedback. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ké ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín, noise nìyẹn, àmọ́ ibi táwọn èèyàn ti ń já bọ́ ni pé noise kì í ṣe ariwo etí nìkan, tí ebi bá ń pa yín tẹ́ ò gbọ́ ohun tó sọ, noise náà ni, tó bá sì lo ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, noise ni.

Tí wọ́n bá béèrè non-verbal, ìyẹn ìbánisọ̀rọ̀ tí ò lo ọ̀rọ̀ ẹnu, ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà mà ni, àrokò wà níbẹ̀! Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹ, mẹ́jọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Kò sí ẹni tó la ẹnu, síbẹ̀ iṣẹ́ ti dé, àyàfi tẹ́ni tó gbà á ò bá mọ ìtumọ̀ ẹ̀, barrier, ìyẹn ìdíwọ́, sì nìyẹn. Irú àpẹẹrẹ yìí dáa ju èyí tí gbogbo kíláàsì jọ kọ́ sórí lọ.

Ní ti lẹ́tà, mẹ́mò àti minutes (àkọsílẹ̀ ìpàdé), kíkà ò tó rárá, ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ (formal letter) máa ń ní àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé, kó tó kan ọ̀rọ̀. Mẹ́mò ò ní ìkíni, To, From, Date, Subject, ọ̀rọ̀ ló kàn. Minutes ló le jù, ẹ lọ jókòó síbi ìpàdé kan, kódà ìpàdé àwọn tẹ́náǹtì lórí owó iná, kẹ́ ẹ kọ ẹni tó wá, ẹni tó tọrọ gáfárà torí kò lè wá, matters arising (ọ̀rọ̀ tó jẹyọ látinú ìpàdé tó kọjá), ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, ẹni tó ní kí wọ́n túká àtẹni tó kín in lẹ́yìn. Ẹ má kọ ìjà tí wọ́n jà síbẹ̀ o!

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún rúùmùméètì yín, ẹ panu mọ́. Tó bá béèrè "kí lo ní lọ́kàn níbí?", ẹ tún ibẹ̀ kọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ká ní wákàtí 2 ni wọ́n fún yín fún ìbéèrè 4, ìṣẹ́jú 10 fún kíka pépà, 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 10 tó kù lẹ máa fi tún un kà. Ìṣẹ́jú 10 yẹn lèmi ti máa ń rí gbogbo "he go" tí mo ti kọ láìmọ̀.