Ilé Ogún: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ó Yẹ Kí A Tún Un Ṣe Kí A Tó Tà Á

Kí ẹnikẹ́ni tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ bi agbẹjọ́rò bóyá òfin ti gbà yín láyè láti ta ilé náà, yálà nípa ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́. Bí àjogún bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò náwó àtúnṣe sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹni náà yóò gba owó rẹ̀ kí ẹ tó pín ìyókù, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Àdéhùn ẹnu lásán máa ń da àárín ọmọ ìyá rú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ilé náà wò, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nítorí ìgbà náà ni àjà máa ń fi ibi tí òrùlé ti ń jò hàn. Ẹ fi ìka tẹ férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé. Bí igi náà bá rọ̀, ikán lè ti jẹ inú rẹ̀. Ohun tó gba sùúrù jù ni ògiri tó sán. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ògiri kì í sábà jẹ́ nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n èyí tó dábùú láti igun fèrèsé, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ, lè jẹ́ àmì pé ìpìlẹ̀ ń rì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tó parí sí, ẹ kọ déètì síbẹ̀, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti kọjá àmì yẹn, ẹnjiníà ìkọ́lé ni kí ẹ pè, kì í ṣe ẹni tó ń kun ọ̀dà.

Ìṣirò ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ béèrè iye méjì lọ́wọ́ ẹni tó mọ owó ilé ládùúgbò náà: iye tí ilé náà tó bó ṣe wà, àti iye tí yóò tó lẹ́yìn àtúnṣe. Ká ní ó jẹ́ 100 bó ṣe wà, tí yóò sì di 120, tí agbaṣẹ́ṣe sì ní òun yóò gba 15. Lójú, èrè 5 ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi 3 kún 15 náà fún ohun tí a kì í rí àfi tí wọ́n bá fọ́ ògiri, ẹ sì fi 4 kún un fún owó orí, owó ẹ̀ṣọ́ àti owó adójútòfò títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìnáwó ti di 22, bẹ́ẹ̀ 20 péré ni iye ilé náà fi lé sí i, àdánù sì ni.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni olùrà ń wá, tí yóò wó ilé náà, ẹ má tún ohunkóhun ṣe. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kíkó ẹrù òkú kúrò, dídí ibi tó ń jò àti kíkun ilé sábà máa ń tó. Èmi kò fara mọ́ títún ilé ìdáná ṣe látòkèdélẹ̀, nítorí ohun tó wù yín lè má wu ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ má sì kun ọ̀dà bo ògiri tó ń rin. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, olùrà lè pe ẹni tó fi àbùkù ilé pamọ́ lẹ́jọ́.

Bí ilé bá ṣófo títí ẹ ó fi tà á, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í san gbà-máà-bínú lórí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún ìgbà pípẹ́.