Bí ẹ ṣe máa fa ojú ọ̀rẹ́ yín sí fíìmù ìkookò olówó pọ́ọ́kú

Ẹ má fi owó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ti ní "owó tí wọ́n fi ṣe é ò tó nǹkan o, ṣùgbọ́n…", àbùkù ni ẹni yẹn á máa wá kiri títí fíìmù á fi parí. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun ni mo ní ní Old Garage níbí, l'Óṣogbo, àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n sì máa ń bi mí pé kí ni káwọn wò lálẹ́. Tó bá jẹ́ fíìmù abanilẹ́rù ni wọ́n fẹ́, Dog Soldiers ni mo máa ń dárúkọ, fíìmù nípa àwọn èèyàn tó ń di ìkookò, èyí tí Neil Marshall darí, tó jáde ní 2002.

Ojú tí wọ́n ti mọ̀ ni kí ẹ fi fà wọ́n. "Ṣé ẹ rántí Davos inú Game of Thrones? Ó wà níbẹ̀." Liam Cunningham nìyẹn. Àwọn ìyá tó bá mú ọmọ wá gẹrun, Kevin McKidd ni mo máa ń fi mú wọn, dókítà Owen Hunt inú Grey's Anatomy. Sójà ni níbí, kò sì tíì gbó.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí: àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lọ ṣe ìdánrawò nínú igbó orí òkè ní Scotland, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ wọn, wọ́n sá wọ ilé kan tó dá wà, ilẹ̀ ò sì tètè mọ́. Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má sọ ẹni tó kú, ẹ má sì sọ ohunkóhun nípa àwọn tó ni ilé yẹn, mo bẹ̀ yín.

Ẹnì kan á ní ìkookò oyinbo ò kan òun. Ẹ rán an létí ọdẹ tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ, tó di arẹwà obìnrin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé obìnrin ẹfọ̀n ló ni awọ rẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń gbé e wọ̀. Tiwọn, òṣùpá àrànmọ́jú ló ń pàṣẹ fún un, fàdákà ló sì ń pa á.

Tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ júwe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú àgọ́ lóru. Obìnrin náà fún un ní ọ̀bẹ fàdákà tí wọ́n fi ń ṣí lẹ́tà, ẹ̀bùn ni. Wọ́n ń ṣeré ìfẹ́ lọ. Síìpù àgọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti ìta. A ò rí ọwọ́, a ò rí èékánná. Síìpù lásán! Èló ni síìpù l'Ọ́jà Ọba?

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó sọ pé aṣọ ni wọ́n wọ̀ fáwọn ìkookò náà, kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń wo eégún láti kékeré mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀kú, síbẹ̀ ó ń sá. Marshall ò jẹ́ ká rí wọn pẹ́: iná wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ga gogoro, wọ́n ti gé àwòrán náà kí ojú wa tó ríran dáadáa.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ìgbà tí èèyàn ń di ẹranko. Ẹ̀yìn tábìlì ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i bí egungun ṣe ń gùn, ẹ ní kó lọ wo An American Werewolf in London ti 1981. Iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù tí Rick Baker ṣe nínú rẹ̀ ló gba Oscar àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mékọ́ọ̀pù òṣèré.

Ẹ ní kí wọ́n tan àkọlé ìsàlẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì àwọn sójà yẹn le. Ẹ ní kí wọ́n lé ọmọdé kúrò, èébú pọ̀. Kí wọ́n sì jẹun tán kí wọ́n tó jókòó: ikùn sájẹ́ǹtì kan ya, ìfun yọ, wọ́n rọ ọ́ lọ́tí yó, wọ́n sì fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ pa dà. Mo ti rí ẹni tó gbé àmàlà tì.

Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, The Descent ti 2005 ló kàn. Marshall náà ló darí rẹ̀. Kò sí ìkookò níbẹ̀, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ làwọn obìnrin kan há sí.