Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí input lag: "1 ms" ara páálí ń tan yín jẹ

Ẹ má rí "1 ms" (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan) lára páálí mọ́nítọ̀ géèmù kí ẹ wá rò pé iye tí ẹ ó fi dúró nìyẹn. Response time ni wọ́n kọ síbẹ̀: bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí píksẹ́lì (ẹ̀kán kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) tó kúrò ní àwọ̀ eérú kan bọ́ sí òmíràn. Input lag yàtọ̀. Ìyẹn ni àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì àti ìgbà tí ẹ rí i lójú mọ́nítọ̀. Píksẹ́lì lè yá bí àṣá, kí mọ́nítọ̀ sì ti kọ́kọ́ dá àwòrán náà dúró láti ṣe é lóge. Tẹlifíṣọ̀n ló burú jù nídìí èyí. Ìdí tí wọ́n fi ní game mode, tó ń pa ìṣelóge yẹn tì, nìyẹn. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ti overdrive (ètò tó ń mú kí píksẹ́lì yára yí àwọ̀) dé òkè pátápátá kí lag lè dín kù. Kò ní dín kù o, òjìji burúkú ni yóò máa tẹ̀lé ohun tó bá ń sáré.

Èyí tí èmi fúnra mi ṣe rèé: mo ra mọ́nítọ̀ 144 Hz (tó lè pààrọ̀ àwòrán nígbà 144 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), Windows fi í sí 60 Hz, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Odidi oṣù kan ni mo fi ń bú máòsì tí kò ṣẹ̀ mí. Ní 60 Hz, 16.7 ms ló wà láàárín àwòrán kan àti èkejì. Ní 144 Hz, kò tó 7 ms.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni wíwọ̀n ọ́n. Ẹ má fi kámẹ́rà fóònù tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wọ̀n ọ́n, torí ohun tí ẹ ń wá lè kéré ju àlàfo àwòrán méjì lọ. Ẹ gbé e sí 240, kí ẹ gbé fóònù náà sí ibi tí kò ti ní mì, kí ìka yín àti ojú mọ́nítọ̀ jọ hàn. Ẹ wá ka àwòrán, láti ìgbà tí bọ́tìnì wọlé títí iná fi bù yẹ̀rì lẹ́nu ìbọn inú géèmù. Bí ó bá jẹ́ 12, nǹkan bí 50 ms nìyẹn. Àmọ́ ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru mọ́nítọ̀: máòsì, kọ̀ǹpútà àti géèmù fúnra rẹ̀ wà nínú 50 yẹn, àgàgà bí ẹ bá tan VSync (ètò tó ń mú kí géèmù dúró de mọ́nítọ̀).

Ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kéré tán kó tó ìgbà 20. Ojú kan náà ni kí ẹ sì máa wò, nítorí láti òkè ni mọ́nítọ̀ ti ń ya àwòrán sọ̀kalẹ̀. Ní 60 Hz, ìsàlẹ̀ lè fi bí 16 ms gbẹ̀yìn òkè.

Tí wọ́n bá sì yìnbọn pa yín lẹ́yìn tí ẹ ti sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹ fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀ jàre. Íntánẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ lọ wò.