Bí mo ṣe kọ́ láti máa gún màámi ní ínsúlìn

Ọdún 11 ni màámi ti ń fi oògùn oníhóró bá àtọ̀gbẹ jà, kó tó di pé ṣúgà wọn kọ̀, kò wálẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù, dókítà kọ Mixtard, irú ínsúlìn kan, fún wọn, 20 yúnìtì láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́. Ó ní kí wọ́n má sì fi Metformin, oògùn oníhóró wọn, sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ni, omi bọ́ lójú wọn. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti bù ṣe nìyẹn?" Ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ínsúlìn ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló jókòó tì wọ́n. Ó ní, "Màmá, ohun tí ara yín ń ṣe fúnra rẹ̀ látilẹ̀wá ni ínsúlìn. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tó ń tú u jáde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, a fẹ́ bá a gbé díẹ̀ níbẹ̀." Metformin ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń mú kí ara gbọ́ ti ínsúlìn, àmọ́ kò lè dá èyí tó ti tán padà. Màámi wá béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi ṣe é ní hóró kí àwọn gbé e mì. "Inú yín á dà á bó ṣe ń da ẹyin sísè ni, Màmá. Kò ní dénú ẹ̀jẹ̀." Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà.

Ara ọsàn ni wọ́n ti kọ́ mi. Mixtard máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, èyí tó yára ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń fà ló pọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀. Èèyàn kì í mì í bí oògùn ikọ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni mo fi ń yí ìgò náà títí á fi funfun bákan náà bíi wàrà. Mo máa ń fi sípíríìtì nu ẹnu ìgò, kí n fa afẹ́fẹ́ 20 yúnìtì sínú síríǹjì, kí n tì í sínú ìgò, kí n wá dojú ìgò délẹ̀ kí n fa oògùn. Síríǹjì ínsúlìn nìkan ni o, nítorí yúnìtì ni ilà ara rẹ̀ ń kà. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, màá fi ìka ta á kó lè gòkè, màá tì í padà. Màá wá rọra fún awọ ikùn wọn pọ̀, màá gún un, màá ti oògùn wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá ka 10 kí n tó fà á yọ. N kì í fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn náà.

Lọ́jọ́ kẹfà ni mo ṣàṣìṣe. Mo ti gún wọn tán kí n tó rí i pé gáàsì ti tán, mo bá sáré jáde lọ rà á. Ó ti lé ní wákàtí kan kí n tó dé. Mo bá wọn lórí àga, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn ò sì já gaara mọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ka 52 mg/dL, ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Mo po ṣúgà síbí tíì 4 sínú omi, wọ́n mu ún. Ká ní wọn ò lè gbé nǹkan mì ni, n kò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí n gbé wọn lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó ti di 84, mo sì fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn, oúnjẹ gbọ́dọ̀ jinná kí n tó fọwọ́ kan ìgò oògùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun láàárín ìṣẹ́jú 30 tí mo bá gún wọn.

Ojú kan náà ni wọ́n fẹ́ kí n máa gún, torí wọ́n ní kì í dùn wọ́n níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ojú ibẹ̀ fi le bí kókó, oògùn ò sì wọlé dáadáa mọ́, ni ṣúgà bá tún ń gòkè. Ní báyìí mo ń yí i kiri, lára ikùn àti itan, mi ò sì sún mọ́ ibi kókó yẹn rárá.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná ló tún kù. Inú fíríìjì ni ìgò tí a kò tíì ṣí ń wà, kò gbọ́dọ̀ dénú yìnyín, torí tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́. Àmọ́ iná lè má wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, mo da iyanrìn sí àárín wọn, mo ń bu omi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Inú ìkòkò kékeré yẹn ni oògùn wà, nínú ọ̀rá tí mo so lẹ́nu. Ó tutù bí omi àmù.

Màámi ti ń fọwọ́ ara wọn gún un báyìí. Èmi kàn ń bá wọn wo ilà síríǹjì ni, torí ojú wọn.