Bí ẹ ṣe lè kọ́ ìjókòó pápá bọ́ọ̀lù tí ẹni ẹ̀yìn yóò fi ríran: ẹ̀kọ́ San Siro fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí regbérégbé tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde bá dáwó láti kọ́ ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye èrò tí yóò gbà. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹni ẹ̀yìn yóò ríran. San Siro pàápàá, pápá bọ́ọ̀lù ìlú Milan ní Italy, díẹ̀díẹ̀ ló ga. Piero Pirelli, ààrẹ ẹgbẹ́ Milan, ló kọ́ ọ ní 1926, fún nǹkan bí 35,000 èrò. Ìpele kejì dé ní 1955. Ìpele kẹta àti òrùlé dé nítorí Ife Àgbáyé 1990.

Ẹ kọ́ ìjókòó yín sí ìwọ̀-oòrùn pápá, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè wà lẹ́yìn òǹwòran. Ẹ jẹ́ kí ojú ẹni tó jókòó níwájú pátápátá jìnnà sí ìlà pápá tó mítà 6. Kí pẹpẹ àkọ́kọ́ fi 60 cm ga ju pápá lọ. Ojú ẹni tó jókòó níbẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí mítà 1.8. Kí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 80 cm, kó sì fi 45 cm ga ju ti iwájú rẹ̀ lọ, ìyẹn búlọ́ọ̀kù méjì lórí ara wọn.

Ìṣirò tí yóò fi hàn bóyá ẹni ẹ̀yìn yóò ríran rèé. Ẹ ro 1.8 pọ̀ mọ́ 0.45, ó di 2.25. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6, ó di 13.5. Ẹ pín in sí 6.8 (mítà 6 àti 80 cm), ẹ yọ 1.8 kúrò: ó ku nǹkan bí 18 cm. Òun ni àlàfo tó wà láàárín ojú ẹni iwájú àti ibi tí ẹni ẹ̀yìn ń wò gbà. 12 cm dára, 9 ṣì ṣeé gbà. Bó bá wá sí 6, fìlà abetíajá kan ti tó láti bo góòlù. Ní pẹpẹ kẹwàá, 18 yẹn á ti di 9 àti ààbọ̀, nítorí bí a ṣe ń jìnnà ni àlàfo ń kéré. Ìdí nìyẹn tí ìpele òkè San Siro fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bíríkìlà tó bá lo 30 cm kí búlọ́ọ̀kù má baà pọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 cm, kò sì ní tó 3 ní pẹpẹ kẹwàá.

Ẹsẹ̀ kò lè gun 45 cm, nítorí náà ẹ pín in sí mẹ́ta, 15 cm ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀nà àárín tó fẹ̀ tó mítà 1.2. Fún arúgbó àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, 60 cm àkọ́kọ́ yẹn nílò ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó gùn tó mítà 7.2.

Ẹ fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù kí ẹ tó da yẹ̀pẹ̀ pupa sáàárín, kí yẹ̀pẹ̀ má baà ti ògiri ya. Ẹ máa gún un ní 15 cm, 15 cm. Èyí tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò máa ń rì, tí kọnkéré orí rẹ̀ á sì sán.

Òrùlé ńkọ́? Ní San Siro, wọn kò gbé ìpele kẹta lé ìjókòó àtijọ́: òpó kọnkéré rìbìtì 11 ló gbé e, mẹ́rin tó wà ní igun ló sì gbé irin pupa òrùlé. Ẹ̀yin náà, ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó yín lọ́tọ̀, kí òpó sì wà lẹ́yìn, torí ẹni tó jókòó sẹ́yìn òpó iwájú kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òrùlé yẹn, koríko San Siro kọ̀ láti hù dáadáa: oòrùn àti atẹ́gùn kò dé ibẹ̀ tó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, títí wọ́n fi da okùn oníke mọ́ ọn ní 2012. Oòrùn tiwa ga ju ti Milan lọ, omi ni wàhálà wa. Kí páànù dà sẹ́yìn, sínú gọ́tà tí kò kọjú sí pápá.

Kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀, ẹ ri igi mọ́lẹ̀ níbi tí ojú èrò ìlà iwájú, ìkarùn-ún àti ìkẹwàá yóò wà, kí ẹ na okùn láti ìlà pápá dé orí igi ìkẹwàá. Kí okùn náà ré kọjá lórí igi méjèèjì tó kù. Bó bá kan ọ̀kan, ẹ tún ìṣirò ṣe.