Bí a ṣe ń gba omi òjò orí ilé ńlá fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Àpáta ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó bá ti rí Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ kò ní bi mí ìdí tí kànga ẹlẹ́rọ fi ń dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé akẹ́kọ̀ọ́ l'Ádó, kí lẹ fẹ́ máa fi omi kànga ṣan ìgbẹ́ sí nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù yín?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ tí òrùlé bò. Òjò mílímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Òrùlé tó bo mítà onígun mẹ́rin 400, bí òjò mílímítà 25 bá rọ̀, lítà 10,000 ni. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó tà dànù.

Ẹ gbé gọ́tà kọ́, kó máa rẹlẹ̀ ní séńtímítà 1 ní mítà 2 kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wọn ìpele ti tó.

Omi àkọ́kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Eruku ọyẹ́ ti bo páànù, àdán àti ẹyẹlé ti yàgbẹ́ sí i, òjò àkọ́rọ̀ ló máa wá fọ gbogbo rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife onígíláàsì, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ ó rí ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn púlọ́ńbà wa mọ̀ pé ó yẹ ká dà á nù. Ṣùgbọ́n páìpù ínńṣì 4, mítà kan péré, ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ gọ́tà, wọ́n á dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbowó wọn. Lítà 8 ni ìyẹn ń gbà! Ó kéré tán, ìdajì lítà lẹ gbọ́dọ̀ dà nù fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Lítà 200 nìyẹn lórí òrùlé tí mo sọ, tàbí páìpù mítà 25. Níbo lẹ fẹ́ gbé e sí?

Dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò, ẹsẹ̀ gọ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Èyí tó ti gbé ọṣẹ rí dára, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹlẹ́nu kékeré ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gé ihò fún páìpù lórí rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i pinpin. Ẹ ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, kó ga ju gọ́tà lọ, kí atẹ́gùn lè ráyè jáde. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti kún, omi tó mọ́ á yà sí ọ̀nà tánkì.

Ẹ má sọ pé gáádì ni yóò máa tú u. Kò ní tú u. Ẹ fi táàpù kékeré sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má tì í pa, kó máa kán títí dúrọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Bó bá kún sílẹ̀ de òjò tó ń bọ̀, ìdọ̀tí á gba orí rẹ̀ kọjá sí tánkì. Ẹrẹ̀ máa ń dí táàpù, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Tánkì dúdú ni mo máa ń lò, ilẹ̀ ni mo sì ń gbé e sí, torí lítà 1,000 wọn kílò 1,000. Pọ́ńpù sólà á fà á lọ sókè lọ́sàn-án. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn dí gbogbo ẹnu rẹ̀.

Páìpù òjò kò gbọ́dọ̀ so mọ́ ti kànga, kódà kí fáàfù wà láàárín wọn, torí fáàfù á jò lọ́jọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi kànga kún tánkì òjò lẹ́ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kó dà sínú rẹ̀ látòkè, kí àlàfo wà láàárín ẹnu páìpù àti ojú omi. Ẹ kun páìpù òjò ní àwọ̀ ewé kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, kí púlọ́ńbà ẹ̀yìn ọ̀la má lọ so ó mọ́ táàpù ilé ìdáná.