Bí mo ṣe mọ orí bàbá kan lámọ̀ tí mo sì fi POP dà á

Àǹtí kan ló pè mí láti Ìbàdàn pé àwọn fẹ́ kí n bá àwọn ṣe ère bàbá àwọn tó ti lọ, orí àti èjìká, wọ́n fẹ́ gbé e sí pálọ̀. Mo ní kí wọ́n fi fótò ránṣẹ́, wọ́n fi méjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, méjèèjì ló kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, kò sí ọ̀kan tí bàbá ti kọ ẹ̀gbẹ́ síni. Ẹni tó ń ya àwòrán lè fìyẹn ṣe é, àmọ́ ère ni tèmi, èèyàn á yí i ká wò ni. Mo wá béèrè pé ta ló jọ bàbá jù nínú ẹbí, wọ́n ní àbúrò wọn ni, àfi bí ìbejì. Bí mo ṣe lọ bẹ bàbá yẹn nìyẹn, pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi jókòó kí n ya ẹ̀gbẹ́ ojú yín àti ìpàkọ́ yín. Wọ́n ní "ṣé èmi náà ti kú ni?", gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, mo fi tépù wọn orí wọn láti àtàrí dé àgbọ̀n, láti etí kan sí èkejì.

Àwọn kan á ní ṣebí amọ̀ ni, kí ló dé tó ò kàn sun ún níná bíi tàwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́. Sísun dáa o, àwọn orí amọ̀ tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ní 2022 náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU àti Prune Nourry, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, mọ orí 108 torí àwọn ọmọbìnrin Chibok tí wọn ò tíì rí nígbà yẹn, amọ̀ sísun ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ohun téèyàn bá fẹ́ sun gbọ́dọ̀ ní ihò nínú, irin ò gbọdọ̀ sí níkùn ẹ̀, tómi bá sì ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ó lè bẹ́ sínú iná. Ère yìí ní èjìká, ó wúwo, mo fẹ́ irin nínú ẹ̀, POP, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe sílíìnì, ló kàn.

Mo kan òpó irin mọ́ pákó, mo wá fi báíǹdìn wáyà so igi kékeré méjì tó dábùú ara wọn rọ̀ síbi tí agbárí máa wà, igi yẹn ló máa di amọ̀ mú kó má baà yọ̀ wálẹ̀ lóru. Amọ̀ mi, Ìpetumodù ni mo ti rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò, mo pò ó, mo gbá a mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fi jáde. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ojú àti ẹnu ló máa ń sáré lọ bá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná, agbárí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Tẹ́ ẹ bá wọn orí látòkè dé àgbọ̀n, àárín gan-an ni ẹyinjú wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé e sókè jù torí wọn ò ka àtàrí sí.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára amọ̀ ni pé ó máa ń gbọ́rọ̀. Àbúrò bàbá wá wò ó, wọ́n ní etí tèmi lẹ gbé síbẹ̀ yìí, ti ẹ̀gbọ́n mi ò tóbi tó báyìí, mo fi ọ̀bẹ gé e lójú wọn, mo lẹ òmíì mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ parí. Ilà ni mo ṣe kẹ́yìn. Bàbá kọ àbàjà, àbúrò wọn ò kọlà rárá, fótò nìkan ni mo wò. Ilà ojú àgbàlagbà kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi rúlà fà, ó ti bá awọ dàgbà, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti rọ̀ lòun náà á tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tọ ẹran ara lọ. Lálaalẹ́ ni mo ń fi aṣọ tútù àti ọ̀rá bò ó.

POP ní tiẹ̀, ìwọ lo máa gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo gé agolo móòtì sí wẹ́wẹ́, mo kì wọ́n bọ amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti àtàrí gba ẹ̀yìn etí méjèèjì dé èjìká, kí móòdù, ìyẹn èèpo POP tí mo máa fi bo amọ̀, lè pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù sí bẹ́sìnnì, POP lẹ máa fọwọ́ fọ́n lé e títí táá fi yọrí lójú omi bí erékùṣù, ẹ jẹ́ kó mu omi tán kẹ́ ẹ tó rò ó jẹ́jẹ́ lábẹ́. Òkúta gypsum tí wọ́n yan ní bíi 150°C tí ọ̀pọ̀ omi inú ẹ̀ fi lọ ni POP, tẹ́ ẹ bá dá omi padà fún un ó tún ń padà di òkúta nìyẹn, ìdí tó fi máa ń gbóná nìyẹn. Bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ ní. Tó bá ti ń ki, ẹ má bomi là á, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ sì fọ bẹ́sìnnì dáadáa, torí èyí tó ti dì máa ń jẹ́ kí tuntun tètè dì.

Mo fi búlúù ìfọṣọ sínú ìpele POP àkọ́kọ́, mo fọ́n ọn tín-ín-rín sí gbogbo ara ère, mo pa omi amọ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà yẹn ni mo wá fi funfun tó nípọn àti fáíbà, fọ́nrán tó ń di POP mú, bò ó. Nígbà tó dì, mo ki irin pẹlẹbẹ bọ ojú agolo, mo ń bomi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ṣí. Mo họ gbogbo amọ̀ jáde, ojú bàbá tí mo fi gbogbo àkókò yẹn mọ wá di ìdọ̀tí nínú bókẹ́ẹ̀tì, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Iṣẹ́ àwọn ńlá náà ń gba ibẹ̀ kọjá, Brick House tí Simone Leigh ará Amẹ́ríkà ṣe, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 16, amọ̀ ni kó tó di bronze. Thomas Houseago, oníṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, ní tiẹ̀ máa ń fi irin, POP àti fáíbà sílẹ̀ síta bẹ́ẹ̀, táwọn tó ń ṣe sílíìnì ní Nàìjíríà bá rí i wọ́n á ní iṣẹ́ ò tíì parí.

Mo fọ móòdù, mo kun ọṣẹ olómi sínú ẹ̀ léraléra títí kò fi mu ún mọ́, mo nu ìfófòó kúrò, mo so ó pọ̀, mo da POP sínú ẹ̀, mo ń yí i kó lè dé gbogbo kọ̀rọ̀, fáíbà àti irin tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù àti irin ṣá móòdù kúrò. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí búlúù, ẹ dẹwọ́, ojú bàbá ti sún mọ́. Ibi ilà ló le jù, búlúù wọnú kòtò ilà kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó kun ún. Tẹ́ ẹ bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tó ṣì tutù, omi wà nínú ẹ̀, ọ̀dà á bó. Èmi fẹ́ fi í sílẹ̀ ní funfun kí òjìji ilà yẹn lè hàn, Àǹtí ní góòlù làwọn fẹ́. Mo ṣàlàyé pé góòlù máa ń dán, á pa ilà jẹ, wọ́n ní bàbá àwọn kì í ṣe tálákà. Mo kun góòlù, mo gba bálánsì mi.